Ọkọ̀ Tí Kò Kọjá Àádóje

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún Caleb lọ́sẹ̀ yẹn pé sùúrù ni baba ìwà, ó ṣeé ṣe kó gbá onítọ̀hún létí. Sùúrù wo ló tún kù tí kò tíì ní? Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló fi wa tírélà sìmẹ́ǹtì fún ilé-iṣẹ́ kan, tó ń gbé e lọ sí Ìbàdàn, lọ sí Ìlọrin, lọ sí Mọ́kwá, gbogbo rẹ̀ pátá lórí ọgọ́ta. Ọgọ́ta kìlómítà ní wákàtí kan ni ilé-iṣẹ́ náà fún un, wọ́n sì ti de ẹ̀rọ adènà-eré mọ́ ọkọ̀ náà kó má baà bá wọn jiyàn. Límítà làwọn awakọ̀ ń pè é. Bí o bá tẹ iná títí ẹsẹ̀ rẹ fi fẹ́ kan ọ̀dà ojú títì, ọgọ́ta náà ni. Ọ̀kadà tó gbé ìyá méjì àti ewúrẹ́ kan á kọjá lára rẹ, ewúrẹ́ náà á bojú wẹ̀yìn, á máa wò ọ́ títí wọn ó fi pòórá.

Caleb kò gbàgbé ewúrẹ́ yẹn. Ó máa ń sọ ìtàn rẹ̀ bí ẹni pé àgbàlagbà kan ló rí òun fín lójú àwùjọ.

Nítorí náà, nígbà tí ẹbí bàbá rẹ̀ ní Jọ́gà-Orílé ta ilẹ̀ fún àwọn tó ń wa òkúta, tí ìpín tirẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, gbogbo ayé ló mọ ohun tó yẹ kó ṣe àfi òun nìkan. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní kó kọ́lé. Pásítọ̀ ní kó gbéyàwó, nítorí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Caleb kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ ra ọkọ̀ eré. Ọkọ̀ dúdú, onílẹ̀kùn méjì, tó rẹlẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó jábọ́. Belgium ni wọ́n ti lò ó kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e wá sí Èkó. Nọ́ńbà ojú aago eré rẹ̀ dé ọ̀ọ́dúnrún, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é gan-an ti dí i ní àádọ́ta-lé-nígba, bí àwọn aṣeọkọ̀ Òyìnbó kan ti máa ń ṣe fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kò bí Caleb nínú rárá. Àádọ́ta-lé-nígba! Ẹni tó ti fi ọgọ́ta dé Mọ́kwá, kí ló tún ń wá?

Ohun tó bí i nínú ni pé ọkọ̀ náà kò kọjá àádóje.

Ìdájí ló máa ń gbé e jáde sí ojú ọ̀nà Ìlaró sí Ọ̀wọdé, níbi tí títì ti dára díẹ̀, kí àwọn ọmọ iléèwé tó jáde. Ó ń tẹ iná, ọkọ̀ á bú ramúramù, àwọn adìẹ á fọ́n ká. Ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́fà. Méjìdínláàádóje. Àádóje. Agogo kékeré kan á dún nínú ọkọ̀, gbìn, ó parí. Ṣe ni yóò dà bíi pé ẹnì kan di ìdí ṣòkòtò rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì náà ṣì lágbára, ó ń kùn, ó fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò lọ. Caleb á fi ọwọ́ lu sítíárìn. Á tún lù ú. Á yí padà sílé, á sì máa bú ọkọ̀ tó fi gbogbo ogún bàbá rẹ̀ rà.

Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ ṣì wà níwájú ni, ì bá rọra wádìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Sátidé ti dé tán. Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀-eré kan ti gba pápá ọkọ̀ òfuurufú kan tí wọ́n pa tì lápá Ìjẹ̀bú, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan á sáré lórí ìlà gbọọrọ kan, òun nìkan, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ ka eré rẹ̀. Ọkọ̀ tí kò bá dé igba nígbà àkọ́kọ́, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Orúkọ Caleb wà nínú ìwé wọn, òun nìkan ló sì ti gbogbo ilẹ̀ Yewa wá. Kì í ṣe ife ẹ̀yẹ ló ń wá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀ ló fẹ́ tẹ iná kí ọkọ̀ sì lọ bí òun ṣe fẹ́, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lórí ẹsẹ̀ òun. Ó ti ń ronú nípa rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án, ní gbogbo orí òkè tó ti fi ọgọ́ta gùn.

Jibril mẹkáníìkì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo kan ní Ìlaró, ti ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. Lọ́jọ́ Ajé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, epo ni. Epo fàyàwọ́ tí wọ́n ń dà kiri yìí, omi ló pọ̀ nínú ẹ̀." Wọ́n fa epo dà nù, wọ́n fọ táǹkì, wọ́n ra òmíràn. Àádóje. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, púlọ́ọ̀gì ni." Wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Àádóje. Lọ́jọ́rú, ó ní jíà ni, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó jáde pẹ̀lú òróró lójú, ó sì fọkàn balẹ̀ pé òun ti rí i. Àádóje, agogo, gbìn!

Lọ́jọ́bọ̀, Jibril jókòó sórí táyà, ó ń nu ọwọ́, kò wo ojú Caleb.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí o. Ṣé kì í ṣe pé ẹ ní ọ̀tá?"

"Ọ̀tá?"

"Ẹ ṣáà mọ̀ pé ilẹ̀ ẹbí ni wọ́n tà. Àwọn tí inú wọn ò dùn..."

"Jibril, ọ̀tá wo ni yóò wọ̀n ọ́n dé àádóje géérégé, tí kò ní jẹ́ kó dé mọ́kànlélàádóje? Ọ̀tá tó mọ ìṣirò ni? Bí ọ̀tá bá fẹ́ dá mi dúró, ṣé kò ní jẹ́ kí táyà fọ́ ni? Yóò wá máa lu agogo fún mi?"

Jibril ju àkísà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní tí kì í bá ṣe ọ̀tá, á jẹ́ pé ẹ̀yà kékeré tó ń ka bí táyà ṣe ń yí ló ti kú nìyẹn, kí Caleb sì lọ rà á lọ́dọ̀ Afeezat ní Ìhùnbọ̀, ẹni tó ń ta àlòkù ẹ̀yà ọkọ̀.

Báyìí ni Caleb ṣe gbọ̀nà Ìhùnbọ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kan ṣoṣo ló kù. Ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́nà kò ṣeé fẹnu sọ. Ọ̀nà yẹn kún fún kòtò, ibi tí kò sì sí kòtò, àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè ti fi igi dí i. Kò sí ibùdó kan tí wọn kò ti dá a dúró. Wọ́n á wo ìwé rẹ̀, wọ́n á wo ọkọ̀, wọ́n á bi í léèrè.

"Bọ̀ọ̀dá, ọkọ̀ yín yìí, eré mélòó ló lè sá?"

Caleb á fọwọ́ nu ojú, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa lọ."

Afeezat kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Àjàṣẹ́, lọ́hùn-ún ní orílẹ̀-èdè Benin, ló ti kàwé, kó tó padà wá jókòó ti ọjà ìyá rẹ̀. Ó gbé ẹ̀yà náà jáde nínú páálí, ó wò ó, ó ní kò ní dáa kí òun tà á láìyẹ ọkọ̀ wò, nítorí Jibril ti ra nǹkan tí kò wúlò lọ́dọ̀ òun rí, tó sì padà wá jà. Ó wọlé jókòó sí ìjókòó awakọ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, ọkọ̀ bú. Ọ̀rọ̀ ìlà mẹ́rin aláwọ̀ búlúù yọ sójú dáṣíbọ́ọ̀dù, bó ṣe ń yọ láràárọ̀.

"Tẹ ibẹ̀ yẹn kó kúrò," Caleb sọ láti ìta. "Ó kàn ń kíni ni."

Ohun tó rò nìyẹn láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti dé. Èdè Faransé ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ náà, nítorí ibi tó ti wá; Jibril wá bí yóò ṣe yí i sí Gẹ̀ẹ́sì títí, kò rí i. Caleb rí ọ̀rọ̀ gígùn tó ń yọ láàárọ̀, ó ní Òyìnbó mà fẹ́ràn ìkíni o, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ kúrò.

Afeezat kò tẹ̀ ẹ́ kúrò; Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ níwèé ní Àjàṣẹ́. Ó tẹ orí síwájú, ó kà á tán, ó tún un kà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ẹ̀gbọ́n, kò kí yín o. Ó ní kọ́kọ́rọ́ ọmọ lẹ ń lò. Ó ní ọkọ̀ yìí ò ní kọjá àádóje, pé tí ẹ bá fẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀, kí ẹ lọ bá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ àgbà wà lọ́wọ́ ẹ̀."

"Kọ́kọ́rọ́ ọmọ báwo?"

Ó ṣàlàyé fún un. Ó ní irú ọkọ̀ yìí, bí òbí bá fẹ́ kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ máa wà á, yóò fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, yóò sì sọ fún un pé kọ́kọ́rọ́ kejì yìí, ọmọ ló ni ín, má jẹ́ kó sáré ju báyìí lọ. Kò sí mẹkáníìkì tó lè fi sípánà tú u. Kọ́kọ́rọ́ àgbà nìkan ló ń tú u.

Àyà Caleb kọ́kọ́ balẹ̀. Òyìnbó kan ní Belgium ló ti ṣe é fún ọmọ rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ọ̀tá, kì í ṣe epo.

"Ó tiẹ̀ kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é síbí," Afeezat sọ. "Ọjọ́ kẹta oṣù tó kọjá."

Ọjọ́ kẹta oṣù tó kọjá, ọkọ̀ ti kúrò ní Belgium tipẹ́. Ó ti kúrò ní Èkó pàápàá.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ni kọ́kọ́rọ́ àgbà wà lọ́wọ́ ẹ̀?"

Afeezat wò ó, ó dá ẹ̀yà ọkọ̀ rẹ̀ padà sínú páálí, ó ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló máa ń wà, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Àṣà kan wà nílé àwọn Caleb. Ohunkóhun tó bá ń yí gbírígbírí lórí títì tí ọmọ ilé bá rà, ọjọ́ mẹ́ta ni yóò fi sùn sí àgbàlá ìyá Caleb ní Ayétòrò kó tó rin ọ̀nà kankan. Kẹ̀kẹ́ ológeere tí bàbá Caleb fi lọ ṣiṣẹ́ olùkọ́ sùn níbẹ̀, ọdọọdún ni alùpùpù kan tàbí òmíràn ń sùn níbẹ̀. Ìyá á gbàdúrà lé e lórí. Lọ́jọ́ kẹrin, á dá kọ́kọ́rọ́ kan padà fún ẹni tó ni ín, á sì fi èkejì sọ́dọ̀, kó lè máa rántí rẹ̀ nínú àdúrà. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù gbé ọkọ̀ Caleb dé láti Èkó, àgbàlá yẹn ló gbé e lọ tààrà. Caleb rántí pé nígbà tí òun padà lọ mú un, Màmá jókòó ní fàrándà pẹ̀lú ìwé ńlá tó wà nínú àpótí iwájú ọkọ̀, awò ojú wà lójú rẹ̀, ó ń ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ó rò pé àwòrán ló ń wò.

Ẹ gbọ́ mi lédè: àwòrán! Obìnrin tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ni ní èdè Faransé, tí gbogbo Ayétòrò ń pè ní Màdáámù Faransé títí dòní! Àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé ìyá tiwọn nìkan ni wọn kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ó ti kọjá agogo mẹ́ta ọ̀sán nígbà tó dé Ayétòrò, erùpẹ̀ bo ọkọ̀ dúdú títí ó fi di pupa. Màmá wà lórí àpótí ní fàrándà, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo pẹrẹsẹ. Inú ń bí Caleb débi pé ìdọ̀bálẹ̀ tó fi kí i kò dé ilẹ̀.

"Ẹ káàsán, Màmá."

"Káàsán, ọmọ mi. Ta ló kà á fún ọ?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò sílẹ̀ láti Ìhùnbọ̀ dà rú mọ́ ọn lẹ́nu. "Afeezat. Ọmọbìnrin kan ní Ìhùnbọ̀."

"Wọ́n kọ́ ọmọ yẹn dáadáa."

"Màmá, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí!"

"Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ."

"Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ọmọdé fún mi! Gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí ni mo fi ń tú ọkọ̀ palẹ̀. Jibril ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wo ọ̀tá. Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Mo kọ ọ́ síbi tí o ó ti máa rí i láràárọ̀. O ń tẹ̀ ẹ́ kúrò." Ó ju òkúta kékeré kan dà nù láti inú ẹ̀wà. "Ọdún mẹ́ta lo fi jókòó ní kíláàsì mi, Caleb. Ojú fèrèsé lò ń wò, ò ń ka ọkọ̀ tó ń kọjá."

Nígbà náà ni ìbínú Caleb wá já. Ó sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó sọ bí ọgọ́ta ṣe máa ń rí lára èèyàn ní agogo méjì ọ̀sán lójú ọ̀nà Mọ́kwá, bí ó ṣe máa ń tẹ iná títí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń ta á, tó mọ̀ pé kò ní ṣe nǹkan kan, tó ṣì ń tẹ̀ ẹ́. Ó ní ilé-iṣẹ́ dí òun, ọ̀gá dí òun, ọdún mẹ́sàn-án. Òun wá ra tòun, tòun gan-an, ìyá tó bí òun tún wá dí òun. "Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fẹ́, Màmá. Lọ́la nìkan. Kí n mọ bó ṣe ń rí."

Màmá gbọ́ ọ tán. Kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá.

"Ọdún mẹ́sàn-án yẹn," ó ní, "mo sùn."

"Ẹ ṣe kí ni?"

"Mo sùn. Ìyá àwọn awakọ̀ yòókù nínú ìjọ wa ń jí kiri lóru, wọ́n ń tẹ fóònù. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ibi yòówù kí ọmọ mi wà, kò lè kọjá ọgọ́ta. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ẹni tó ṣe ẹ̀rọ yẹn, mi ò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ tí o kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ni oorun mi bàjẹ́. Ọmọ kan ni mo bí." Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù. "Mo bẹ̀rù, Caleb. Ìdí tí mo fi ṣe é nìyẹn, kò sí òmíràn."

Inú tún bí Caleb sí i. Ó ti múra ìjà wá, ìjà náà kò wá pàdé rẹ̀.

Màmá dìde, ó wọlé, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ náà jáde nínú aṣọ ìnujú funfun kan. Ó ní, "Jẹ́ ká lọ tú u. Àgbàlagbà ni ọ́, òótọ́ lo sọ."

Caleb jókòó síwájú, ó fi kọ́kọ́rọ́ àgbà sí àyè rẹ̀, ọ̀rọ̀ Faransé sì kún ojú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó yọ fóònù kó fi túmọ̀ rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Ó gbé e sókè, ó gbé e sápá òsì, kò sí. Màmá ti la ilẹ̀kùn kejì, ó ti fi ìṣòro jókòó sínú ọkọ̀ tó rẹlẹ̀ náà, ó sì gbé awò sójú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un, ní Faransé ná, lẹ́yìn náà ní Yorùbá, ketekete, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní.

"Sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Tẹ ìyẹn. Rárá, èyí tó wà lápá ọ̀tún. Ó ní kí o dúró díẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń dúró ni ọ̀rọ̀ kan sọ sí Caleb lọ́kàn. Màmá lè purọ́ fún òun. Ohunkóhun tó bá ní Faransé náà sọ, òun á gbà á. Ó lè ní ó ti tú, kó sì jẹ́ pé ó ṣì wà ní dídè. Òun kò ní mọ̀ títí di òwúrọ̀ ọ̀la, lójú gbogbo wọn ní pápá. Ó yíjú wò ó. Ìka rẹ̀ ṣì wà lórí ìlà ọ̀rọ̀ tó kà kẹ́yìn.

"Ó ti dé," ó ní. "Ó béèrè pé, 'Ṣé kí a mú gbogbo ìdíwọ́ kúrò lórí kọ́kọ́rọ́ yìí?' Bẹ́ẹ̀ ni ló wà lókè. Rárá ló wà nísàlẹ̀."

Kò fi kún un. Caleb gbọ́ bí ó ṣe ń mí.

Ó tẹ ti òkè.

"Ó ti kúrò," Màmá sọ. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó pa á dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí yóò ṣe jáde. Caleb sáré yí ọkọ̀ ká, ó di apá rẹ̀ mú, ó fà á dìde. Ó wá tẹ orí ba níwájú rẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe bí ó bá ń lọ sírìnàjò, ó ń retí ọwọ́ rẹ̀ láàárín orí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó gbójú sókè, Màmá ti ń gun àtẹ̀gùn fàrándà lọ.

"Màmá, ẹ ò gbàdúrà fún mi."

"Mo ti gba èyí tí mo mọ̀ ọ́n gbà," ó ní. "O ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ ni."

Ó jókòó, ó fa àwo ẹ̀wà mọ́ra. Caleb padà sínú ọkọ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ́ńjìnnì bú. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lójú dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́. Ó di sítíárìn mú, ó ń wo ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀. Inú ń bí i, inú ń bí i gan-an, kò sì sí ẹnikẹ́ni mọ́ tó lè dá lẹ́bi.